Ọ̀bẹ àti Àkọ̀ Inú Ara Wa: Ẹ̀kọ́ lórí Cystatin C, Áńtíbọ́dì Rẹ̀ àti Kíndìnrín

 Àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí àwa tí a ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè àti kẹ́mísírì kọ ẹ̀kọ́ kan tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè kà ní àkàyé, tí kò sì ní sú àwọn òbí rẹ̀. A rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn, a sì pinnu pé a kò ní kọ nípa ohun ńlá. Purotéènì kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi ń wá a rí nínú ẹ̀jẹ̀. Orúkọ purotéènì náà ni cystatin C. Irinṣẹ́ tí a fi ń wá a ni à ń pè ní áńtíbọ́dì. Kí ẹni tí kò bá gbọ́ orúkọ méjèèjì rí má ṣe fòyà. Ilé ìdáná ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ìyá kan ní Ṣómólú tí kò mọ ohun tí ìbẹ́pẹ ń ṣe fún ẹran líle. Bí ẹran bá gbó, tí iná kò sì fẹ́ràn án, wọn a gé ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n sínú rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ewé ìbẹ́pẹ wé e mọ́jú. Ẹran náà a sì rọ̀. Oje funfun tí ń ṣẹ̀ lára ìbẹ́pẹ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Nínú oje yìí ni ohun kan wà tí à ń pè ní papain, òun gan-an alára sì jẹ́ purotéènì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa gé purotéènì mìíràn sí wẹ́wẹ́. Ẹran sì rèé, purotéènì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ bí a bá yọ omi kúrò. Ọ̀bẹ ni papain jẹ́, ọ̀bẹ tí ojú kò lè rí. Ẹni tí ó bá ti bó ìbẹ́pẹ dúdú púpọ̀ láìfi nǹkan bọ ọwọ́ yóò mọ̀ pé ọ̀bẹ náà kì í mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹran màlúù àti awọ ọwọ́ ènìyàn.

Ní ọdún 1968, àwọn onímọ̀ méjì kan, Fossum àti Whitaker, kéde pé àwọn rí ohun kan nínú funfun ẹyin adìẹ tí ó ń dá papain lẹ́kun. Bí a bá da á pọ̀ mọ́ papain, papain a dẹ́kun gígé. Ohun náà pẹ̀lú jẹ́ purotéènì. Ní ọdún 1981 ni Alan Barrett, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní, ìyẹn cystatin. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé nínú ilé ìdáná kan náà, lórí tábìlì kan náà, ọ̀bẹ wà nínú ìbẹ́pẹ, àkọ̀ ọ̀bẹ sì wà nínú ẹyin.

Kí ni ìyẹn kàn wá? Ó kàn wá nítorí pé irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kún inú ara ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀wọ́ kan nínú wọn ní cathepsin. Inú àpò kéékèèké tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gé àwọn purotéènì tí ó ti gbó, tí ó ti bàjẹ́, kí ara lè tún ẹ̀rún wọn lò. Bí kò bá sí wọn, ìdọ̀tí yóò kún sẹ́ẹ̀lì bí ìdọ̀tí ṣe ń kún gọ́tà wa nígbà òjò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá já jáde kúrò nínú àpò wọn, tí kò sì sí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́kun, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohun tí kò yẹ kí wọ́n gé. Nítorí náà ni Ẹlẹ́dàá fi ṣe àkọ̀ fún ọ̀bẹ. Cystatin C jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àkọ̀ wọ̀nyí. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí ó ní kókó nínú ni ó ń ṣe é, lọ́sàn-án àti lóru, wọn a sì máa tú u sínú ẹ̀jẹ̀, sínú itọ́, sínú omijé àti sínú omi tí ó yí ọpọlọ ká. Ẹ̀wọ̀n amino acid 120 ni ó jẹ́. Láàrin àwọn purotéènì, àràrá ni.

Ìtàn bí a ṣe mọ̀ ọ́n yẹ ní sísọ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1961 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí i nínú omi ọpọlọ àti nínú ìtọ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ní àbùkù. Wọn kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Orúkọ tí wọ́n fún un nígbà náà kò ju pé ó jẹ́ ohun tín-ín-rín kan tí ó wà níbì kan báyìí. Ní 1982, Anders Grubb àti Helge Löfberg ní ilẹ̀ Sweden ka ẹ̀wọ̀n náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì yé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó di 1984 ni a tó wá rí i pé ìbátan cystatin inú ẹyin adìẹ ni, àti pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ó lé ní ogún ọdún tí a fi mọ ojú rẹ̀ láìmọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n máa ń rò pé gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ ni a ti mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo déètì wọ̀nyí dáadáa.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń rí ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún purotéènì mìíràn kún inú rẹ̀? Níhìn-ín ni áńtíbọ́dì ti wọlé.

Ẹni tí ó bá ti wọ ilé àwọn òǹtẹ̀wé ní Ṣómólú yóò ti rí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ kọ́ńdú-kọ̀ǹdù, tí wọ́n fi ń gé páálí. Irin tí a ṣe fún páálí oògùn kò lè gé páálí bàtà. Ojú ibi tí a ti tẹ̀ ẹ́ ni yóò gé, kò ní gé ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ wa ṣe ń ṣe áńtíbọ́dì. Nígbà tí àjèjì ohun kan bá wọ inú ara, ìbá à ṣe kòkòrò àrùn tàbí purotéènì ẹ̀dá mìíràn, ara a ṣe ohun kan tí ojú rẹ̀ bá ojú àjèjì náà mu wẹ́kú. Ó rí bí igi oníga méjì: ẹsẹ̀ kan nísàlẹ̀, apá méjì lókè. Orí apá méjèèjì ni ibi tí ó fi ń di ohun tí a ṣe é fún mú wà. Kì í gé e o. Ó kàn ń dì í mú ni.

Àwọn onímọ̀ wá rò ó pé, bí ara ẹranko bá lè ṣe irú ohun bẹ́ẹ̀, èé ṣe tí a kò fi ní yá a lò? Wọ́n a yọ cystatin C ènìyàn sọ́tọ̀, wọn a fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ fún ehoro díẹ̀ nínú rẹ̀. Ara ehoro kò mọ̀ ọ́n rí. Yóò ka á sí àjèjì, yóò sì ṣe áńtíbọ́dì tí ó lè dì í mú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ehoro náà, a ó sì yọ áńtíbọ́dì inú rẹ̀. Àbùkù ọ̀nà yìí ni pé kì í ṣe irú kan ṣoṣo ni ehoro ń ṣe. Ọ̀kan yóò di orí mú, òmíràn yóò di ìrù mú, bí ehoro náà bá sì kú, ehoro mìíràn kò lè ṣe irú rẹ̀ gan-an. Ní 1975 ni Georges Köhler àti César Milstein ní Cambridge wá ọgbọ́n sí i. Wọ́n so sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe áńtíbọ́dì pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í kú, wọ́n sì ní ohun kan tí ń bí irú áńtíbọ́dì kan ṣoṣo láìdẹ́kun. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1984 kàn wọ́n, àwọn pẹ̀lú Niels Jerne.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo áńtíbọ́dì tí a kọ orúkọ sí lára ìgò ni ó ń jẹ́ orúkọ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń lọ sí yunifásítì fi sọ́kàn, nítorí pé Yunifásítì Èkó kò jìnnà sí wa, ní Akoka níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sì di irú ìgò bẹ́ẹ̀ mú lọ́jọ́ kan. Cystatin C ní ẹbí. Apilẹ̀ tí ó ń ṣe é wà lórí kírómósómù ogún, apilẹ̀ àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà ní ìtòsí ibẹ̀: cystatin D wà, S wà, SA wà, SN wà. Wọ́n jọra bí ìbejì. Ẹni tí kò bá mọ ilé kan dáadáa lè pe Táíwò ní Kẹ́hìndé. Áńtíbọ́dì tí a kò dán wò dáadáa lè di cystatin SN inú itọ́ mú, kí ẹni tí ń ṣe ìwádìí sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé cystatin C ni òun rí. Owó ti lọ, àkókò ti lọ, irọ́ sì ti wọ ìwé.

Báwo wá ni a ó ṣe dán an wò? Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé kí a fi iná mànàmáná ya àwọn purotéènì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtóbi wọn, kí a wá tú áńtíbọ́dì lé wọn lórí. Cystatin C wọ̀n tó nǹkan bí 13,000 dalton. Bí ìlà bá yọ níbi tí ó yẹ kí 13,000 wà, tí kò sì sí ìlà níbòmíràn, ó dára. Bí ìlà mẹ́rin bá yọ, ìbéèrè wà. Ọ̀nà kejì ni ó dá wa lójú jù. A ó mú sẹ́ẹ̀lì tí a ti pa apilẹ̀ cystatin C rẹ̀ rẹ́, tí kò lè ṣe é mọ́ rárá, a ó sì fi áńtíbọ́dì náà wá a níbẹ̀. Bí ó bá ṣì ń sọ pé òun rí i, òpùrọ́ ni. Ọ̀nà kẹta ni pé kí a lo áńtíbọ́dì méjì tí wọ́n di ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mú lára ohun kan náà, kí a wo bóyá ẹ̀rí wọn bára mu. Ẹlẹ́rìí méjì sàn ju ọ̀kan lọ nílé ẹjọ́. Ohun kan náà ni níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ iná ọba kò ṣeé fò nínú ẹ̀kọ́ yìí. Inú òtútù ni a ń tọ́jú ọ̀pọ̀ áńtíbọ́dì ìwádìí sí, ní ìwọ̀n ogún lábẹ́ òdo. Bí ó bá ń dì, tí ó ń yọ́, tí ó tún ń dì, ojú tí ó fi ń di nǹkan mú a máa bàjẹ́. Ìlú òkèèrè ni wọ́n ti ń kó èyí tí ó pọ̀ jù wá, nínú páálí tí wọ́n kó yìnyín sí. Akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa lè ṣe gbogbo ohun tí ìwé wí láìṣìṣe, kí iná sì lọ ní òru ọjọ́ Jímọ̀ títí di òwúrọ̀ Ajé. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n pín ohun inú ìgò sí ìgò kéékèèké lọ́jọ́ tí ó bá dé, kí wọ́n sì kọ déètì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Lára ìgò irú áńtíbọ́dì bẹ́ẹ̀, wọn a máa kọ ọ́ pé fún ìwádìí nìkan ni, kì í ṣe fún àyẹ̀wò aláìsàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Èyí tí dókítà ń lò fún aláìsàn ní láti kọjá ìdánwò tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn ni ó so mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ẹ̀mí ènìyàn náà.

Kíndìnrín ni ọ̀rọ̀ kàn. Nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, nínú Lefitiku níbi tí a ti ń pa àṣẹ ẹbọ, iwe ni àwọn olùtumọ̀ pè é. Àwọn ọmọ òde òní tí wọ́n ń kà á máa ń rò pé iwe adìẹ ni Mósè ń sọ. Kíndìnrín méjì ni ènìyàn ní, asẹ́ kéékèèké tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi asẹ́ sẹ́ ògì, kí omi àti ìyẹ̀fun wálẹ̀, kí èèrí dúró lókè, bẹ́ẹ̀ ni kíndìnrín ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí lítà 180 ni omi ẹ̀jẹ̀ tí ń kọjá nínú àwọn asẹ́ náà lójúmọ́, ara a sì gba èyí tí ó pọ̀ jù padà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé lítà kan àbọ̀ tàbí méjì péré ni a ń tọ̀. Purotéènì ńláńlá kì í kọjá. Ṣùgbọ́n cystatin C, àràrá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ń kọjá pátápátá. Bí ó bá ti kọjá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà lẹ́yìn asẹ́ a gbé e mì, wọn a sì fọ́ ọ túútúú. Kì í padà sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Ẹ wá wo bí ó ti rọrùn tó. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ń ṣe é ní ìwọ̀n tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọ̀nà pàtàkì tí ó ń gbà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ni asẹ́ kíndìnrín. Bí asẹ́ bá dí, yóò pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọn cystatin C ti wọn asẹ́. A máa ń fi áńtíbọ́dì bo ara àwọn ẹ̀rún oníke tí ojú kò lè rí, a ó sì dà wọ́n sínú omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Bí cystatin C bá wà níbẹ̀, apá áńtíbọ́dì púpọ̀ yóò dì í mú lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ẹ̀rún yóò sùjọ, omi náà yóò sì di rúdurùdu. Ẹ̀rọ a tan ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, a sì ka bí ó ti rú tó. Nínú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, kì í sábà ju mílígíráàmù kan lọ nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan.

Ìṣòro kan wà nígbà kan rí. Àwọn tí ń ṣe áńtíbọ́dì náà kò lo òṣùwọ̀n kan náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan náà a fún wọn ní iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ìgbà tí kóńgò ọjà kan kò bá ti ọjà kejì mu. Ní ọdún 2010 ni a gbé òṣùwọ̀n àgbáyé kan kalẹ̀ tí gbogbo wọn lè fi wọn kóńgò wọn. Láti ìgbà náà ni iye tí a kà ní Èkó fi lè bá iye tí a kà ní London jókòó papọ̀.

Ẹlòmíràn yóò béèrè pé, ṣé kò sí àyẹ̀wò kíndìnrín tẹ́lẹ̀ ni? Ó wà. Creatinine ni ilé àyẹ̀wò tí ó pọ̀ jù ní àdúgbò wa ń wọ̀n, owó rẹ̀ kò pọ̀ tó ti cystatin C, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á sí yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n inú iṣan ara ni creatinine ti ń wá, àti nínú ẹran tí a jẹ. Ẹ ro àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń wa yanrìn lábẹ́ ọ̀sà ní etí omi Bàrígà. Iṣan wọn le bí igi. Creatinine wọn lè ga, kí kíndìnrín wọn sì le koko. Ẹ tún ro ìyá àgbà kan tí kò jẹun kánú mọ́, tí ara rẹ̀ ti gbẹ. Iṣan díẹ̀ ni ó kù fún un, creatinine rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Ẹni tí ó ka ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ yóò ní kò sí wàhálà, nígbà tí ìdajì asẹ́ rẹ̀ ti dí. Àwọn méjèèjì ni creatinine lè ṣì lọ́nà, ṣùgbọ́n ti ìyá àgbà ni ó ń bà wá lẹ́rù jù, nítorí pé ó fi àrùn pamọ́. Cystatin C kì í fi bẹ́ẹ̀ wo iṣan.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Dókítà kì í lo iye creatinine lásán. Ó ń fi ìṣirò yí i padà sí iye mílílítà tí kíndìnrín ń sẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣirò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1999 àti èyí tí wọ́n ṣe ní 2009 ní àfikún kan nínú: bí aláìsàn bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kí a sọ iye náà di púpọ̀ sí i, ní ìlọ́po bí 1.2 nínú ti àkọ́kọ́ àti 1.16 nínú ti èkejì. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é bí iṣẹ́ kíláàsì. Bí ìṣirò bá fún ẹnì kan ní 54, àrùn kíndìnrín wà lára rẹ̀ bí ó bá dúró bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, nítorí pé 60 ni ààlà. Ẹ wá fi 1.16 sọ 54 di púpọ̀. Ẹ ó rí nǹkan bí 63. Ọkùnrin kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e kọjá ààlà sí apá àwọn tí ara wọn dá, nítorí àwọ̀ rẹ̀ nìkan. Ní 2021 ni wọ́n yọ àfikún náà kúrò. Ìṣirò ti cystatin C kò ní irú rẹ̀ nínú láti ọdún 2012 tí wọ́n ti ṣe é. Ní 2022 ẹ̀wẹ̀, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Malawi, Uganda àti South Africa fi hàn pé ìṣirò orí creatinine máa ń sọ kíndìnrín àwọn ènìyàn ibẹ̀ di alágbára ju bí ó ti rí lọ, àti pé cystatin C sún mọ́ òtítọ́ jù ú lọ.

Kí a má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè nìyí. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ọmọ Yorùbá ní Ìbàdàn fi sílẹ̀ fún ìwádìí apilẹ̀ àgbáyé ni a ti rí i ní 2010 pé ẹ̀yà apilẹ̀ kan tí à ń pè ní APOL1 wọ́pọ̀ láàrin wa gidigidi. Ó ń pa kòkòrò àrùn oorunkóorun, ìdí nìyí tí ó fi gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni kíndìnrín rẹ̀ lè tètè bàjẹ́. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe láàrin àwọn ènìyàn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ní Nàìjíríà àti Ghana, tí ó jáde ní 2024, rí i pé ó ju ẹnì kan nínú mẹ́rin lọ tí ó jogún ti méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò ṣàìsàn. Àmọ́ bí a bá fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún un, àti àgbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àti oògùn ìrora tí a ń rà ní rẹpẹtẹ lẹ́bàá ọ̀nà, ẹrù náà a wúwo.

Àwọn òbí kò tíì gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìparí 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, nígbà tí oògùn olómi tí a ń fún ọmọ tí ń yọ eyín gbé májèlé diethylene glycol wọlé, tí ó sì ba kíndìnrín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jẹ́. Ó lé ní ọgọ́rin ọmọ tí ó kú ní ilẹ̀ yìí. Májèlé náà dùn lẹ́nu, ó sì jọ omi tí ó yẹ kí wọ́n lò gan-an. Àyẹ̀wò tí ó tọ́ ní ilé iṣẹ́ ìbá ti dá a mọ̀ kí wọ́n tó rọ ìgò àkọ́kọ́.

Ìlú wa náà ti gbìyànjú. Ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981. Ní ọdún 2000, ilé-ìwòsàn St. Nicholas ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín. Ibi ìtọ́jú ọkàn àti kíndìnrín wà ní Gbàgádà báyìí, kò ju ìrìn kékeré lọ láti Bàrígà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bá ẹbí rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ náà mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ó yẹ kí a fọ ẹ̀jẹ̀, ó sì mọ ohun tí ó ń gbà lápò. Kíndìnrín kì í pariwo. Ó lè pàdánù ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ kí ẹsẹ̀ tó wú, kí ojú tó wú. Àǹfààní tí ó wà nínú mímọ̀ ọ́n ní kùtùkùtù kò kéré rárá: ẹ̀jẹ̀ ríru ṣeé tọ́jú, ìtọ̀ ṣúgà ṣeé tọ́jú, a sì lè dá oògùn tí ń ba kíndìnrín jẹ́ dúró.

Àwa kò ní sọ pé cystatin C kò ní àbùkù. Bí ẹ̀yà ara inú ọrùn tí à ń pè ní thyroid bá ń ṣiṣẹ́ jù, yóò ga láìjẹ́ pé kíndìnrín ṣàìsàn. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ jù, yóò wálẹ̀. Oògùn steroid a máa gbé e sókè, sìgá mímu àti ara sísanra jù pẹ̀lú. Nítorí náà ni àwọn àgbà oníṣègùn fi ń gbani nímọ̀ràn pé kí a wọn òun àti creatinine papọ̀, kí a fi ìṣirò kan da méjèèjì pọ̀. Òun náà sì lè ṣe ibi bí òun fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́. Ní erékùṣù Iceland, àwọn ìdílé kan wà tí amino acid kejìdínláàádọ́rin nínú ẹ̀wọ̀n cystatin C wọn yí padà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú 120. Cystatin C wọn a máa dì mọ́ ara wọn, wọn a sì lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ títí yóò fi bẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a kú ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Áńtíbọ́dì wà lára irinṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi hàn pé òun ni ó wà nínú ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri náà.

Ní ti ẹni tí ó bá fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn tí ó bá ka èyí tán, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí cystatin C. Kí ó kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n wo ìtọ̀ rẹ̀ bóyá purotéènì ń jò sínú rẹ̀. Àyẹ̀wò méjèèjì yìí kò wọ́n. Lẹ́yìn náà, creatinine. Bí ó bá jẹ́ arúgbó, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ, tàbí ẹni tí iṣẹ́ agbára ti mú iṣan rẹ̀ le ju ti gbogbo ènìyàn lọ, tàbí bí iye tí wọ́n kà bá wà ní ìtòsí 60, nígbà náà ni kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ pé, ẹ jọ̀wọ́ sà, tàbí ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé a lè wọn cystatin C pẹ̀lú? Kí ó sì wo ìsàlẹ̀ ìwé àyẹ̀wò náà dáadáa, kí ó ka ọdún ìṣirò tí wọ́n lò. Bí wọ́n bá kọ 2009 síbẹ̀, tí wọ́n sì fa ìlà sí ibi tí a kọ aláwọ̀ dúdú sí, kí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un ṣírò.